Ìròyìn ilé-ìwé pírámárì wa kì í dé etí ìlú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé PTA, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà, nílé-ìwé pírámárì ìjọba kan nítòsí Odògbolù. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, torí n kò wá fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà kì í jáde kọjá géètì. Bí a bá pe mítìnì, àwọn ojú kan náà là ń rí: ìyá alákàrà tó ń tajà lẹ́nu géètì, àwọn bàbá méjì tó ti fẹ̀yìn tì, àtàwọn tíṣà fúnra wọn. Ẹni tí kò wá ni yóò sì kọ́kọ́ pariwo pé ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun. Ìwé ìkéde tí wọ́n ń fi rán àwọn ọmọ, inú báàgì ló ń kú sí. Gúrúùpù WhatsApp wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdúrà òwúrọ̀, àwòrán òdòdó àti àwọn tó ń sọ owó di ìlọ́po méjì ló kún ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìdánwò á ti rì sísàlẹ̀ kí òbí kankan tó tajú kán rí i.

Ìjì tó jà nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ti wá ká páànù kíláàsì Pírámárì 3. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà pọ̀ mọ́ Pírámárì 4, tíṣà méjì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Mo fẹ́ kí ìlú dá sí i. Báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n pe àwọn olówó. A ti pè wọ́n.

Ìyá Aláṣọ Ìjẹ̀bú-Òde
Akọ̀wé, ẹ kú oríire ipò tuntun. Ọjọ́ wo lẹ ń pe mítìnì yín ná? Mo ní kí n bi yín, torí nílé-ìwé tí àwọn ọmọ-ọmọ mi ń lọ, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n máa ń pè é, wọ́n á sì ní àwọn òbí ò bìkítà. Ta ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù laago mẹ́wàá? Ẹ rántí pé ọjà ọrọọrún kò mọ Sátidé mọ Ọjọ́bọ̀. Bó bá ná lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́ Ẹtì ni yóò tún ná, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ ọjà ìlú yín títí tọ́ọ̀mù á fi parí, ẹ fàmì sí gbogbo wọn kí ẹ tó mú ọjọ́ kankan. Bí ọdún Agẹmọ bá sì ti ń sún mọ́lé, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè ọjọ́ tí obìnrin kò ní lè rìn, torí ẹ ò lè pe mítìnì àwọn ìyá kí ẹ fi sí ọjọ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

Èkejì, bó bá jẹ́ òyìnbó lẹ fi ń kọ ìwé ìkéde yẹn, ta lẹ ń kọ ọ́ sí? Ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí, Èkó ni àwọn òbí wọn wà. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó jẹ́ lédè wa, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, mi ò ní gbọ́ ọ tán tí oníbàárà á fi dé.

Ọmọ Ìjọ, Àgọ́-Ìwòyè
Ohun tí Mọ́mì sọ dára, mo fi èyí kún un. Ẹ fún ìmáàmù ní ìkéde yín lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ fún àwọn pásítọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìlà mẹ́ta péré ni kó jẹ́. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, akọ̀wé ìjọ á gé e kúrú, ibi tó ṣe pàtàkì gan-an ni yóò sì gé kúrò. Ìkéde kan náà ni kí ẹ fún gbogbo wọn o, ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé ilé-ìwé ní ẹ̀sìn kan tó fẹ́ràn jù.

Tíṣà Àgbà, Ìpẹrù
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ọdún gbọọrọ ni mo fi di ṣọ́ọ̀kì mú, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi lélẹ̀, bó bá gùn kí ẹ farada á.

Ilẹ̀ wa yìí ni ọ̀rọ̀ pírámárì ọ̀fẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọmọ Awà ni S. O. Awókọ́yà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn, òun náà sì ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́jì Mọ́lúsì, n'Ìjẹ̀bú-Igbó, ní 1949. Ní 1952 ló gbé àbá ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn síwájú ilé ìgbìmọ̀, ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kìn-ín-ní, 1955. Lọ́dún 1954, àwọn ọmọ tó wà ní pírámárì ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ bí i 457,000. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti lé ní 800,000. Ẹ bá mi ro ó, ibo ni wọ́n rí yàrá tí wọ́n kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sí? Kì í ṣe ìjọba nìkan ló dá a gbé. Ìjọ, mọ́ṣáláṣí àti ará ìlú gbé tiwọn níbẹ̀, ẹlòmíì sì ru yẹ̀pẹ̀ láìní ọmọ kankan nílé-ìwé ọ̀hún. Nígbà tó yá, ìjọba gba gbogbo ilé-ìwé sọ́wọ́, àwa náà wá fà sẹ́yìn, a ò tiẹ̀ bèèrè mọ́ pé kí ló ń lọ níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bi yín léèrè: ta ni alága SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé yín? Mo mọ̀ pé PTA lẹ ń sọ. PTA jẹ́ ti òbí àti tíṣà. SBMC ni ti ìlú. Ó yẹ kí aṣojú ọba tàbí baálẹ̀ wà níbẹ̀, kí aṣojú àwọn obìnrin wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, àwọn ẹlẹ́sìn, títí kan àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn. Lọ́pọ̀ ibi, orí ìwé nìkan ló wà. Ẹ bi HM yín, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé. Bó bá ní láti ronú kó tó dárúkọ ẹni náà, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jí ìgbìmọ̀ yẹn dìde kí ẹ tó wá owó kankan.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpilẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni pírámárì ìjọba, ẹni tó bá sì gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí lè san ìtanràn tí kò ju 10,000 náírà lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe so owó páànù mọ́ ìdánwò ọmọ. Ẹ má ṣe dá ọmọ kankan padà sílé torí i pé ìyá rẹ̀ kò dá. Ìtọrẹ ni ẹ ń tọrọ. Bí ẹ bá sọ ọ́ di dandan, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní í di ẹjọ́.

Ọmọ Rẹ́mọ l'Ékòó
Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn "olówó" tí Akọ̀wé ní wọ́n ti pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọ̀hún ni à ń wá kiri níbí náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí a kì í fi í dáhùn.

Nígbà kan, ilé-ìwé pírámárì tí mo lọ ní kí a dá owó ṣáláńgá. A dá a. Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ fi owó ọkọ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sanwó, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, kò sí fótò, kò sí rìsíìtì. Nígbà tí mo délé lọ́dún Kérésì, mo yà síbẹ̀. Kòtò ni mo bá, ewéko ti hù nínú rẹ̀, bíríkì tí wọ́n kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti hu ewédò. Mo wádìí, kò sẹ́ni tó jí owó kankan. Síméńtì ló wọ́n sí i, owó tán lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu kan lè sọ láàárín ìṣẹ́jú kan ni, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló bà á jẹ́. Bí wọ́n bá ti sọ fún wa pé ó kù díẹ̀ ni, à bá ti parí rẹ̀. Ní báyìí, bí ẹ bá dárúkọ ilé-ìwé yẹn fún àwọn ẹgbẹ́ mi, wọ́n á kọjú sápá kan.

Nítorí náà, Akọ̀wé, kí ẹ tó bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa, ẹ kọ́kọ́ máa fún wa ní ìròyìn tí kò sí owó nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún wa pé ọmọbìnrin kan ní Pírámárì 5 gbégbá orókè nínú ìdíje ìṣirò. Ẹ sọ fún wa pé tíṣà tuntun dé, pé ẹ̀fọ́ tí àwọn ọmọ gbìn ti ń jáde. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ irú èyí fún tọ́ọ̀mù kan gbáko, ilé-ìwé yẹn ti di tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní páànù ká, kò ní ní kí ẹ bẹ òun.

Ìyá Aláṣọ Ìjẹ̀bú-Òde
Ọmọ Rẹ́mọ, ẹ ṣeun. Kì í ṣe ẹ̀yin ará Èkó nìkan o. Àwa tá a wà nílé gan-an, ọjọ́ owó nìkan ni wọ́n ń rántí wa.

Bàbá Má-tàn-mí
Gbogbo yín ń tan ara yín jẹ. SUBEB tó ń bójú tó pírámárì ní ìpínlẹ̀ wà, UBEC ti ìjọba àpapọ̀ wà, ìjọba ìbílẹ̀ wà, owó orí ń jáde lára wa. Bí ẹ bá ń kan páànù bá wọn, wọn ò ní yọjú mọ́ láé. Ẹ jẹ́ kó jò kí ojú tì wọ́n.

Tíṣà Àgbà, Ìpẹrù
Alàgbà, ojú kì í ti ìjọba, àwọn ọmọ lòjò máa pa.

Ṣùgbọ́n ẹ gba òtítọ́ kan lọ́wọ́ mi. Ẹ má ṣe kan páànù kí ẹ má kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọ́ sí akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí SUBEB l'Abẹ́òkúta àti sí kánsẹ́lọ̀ yín. Ẹ so fótò mọ́ ọn, kí ọjọ́ tí ẹ yà á hàn lára rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà tiyín lọ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé àwọn ti gbà á, ẹ tọ́jú èyí tó ní òǹtẹ̀. Òfin UBE yẹn ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú àpò owó rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ìpínlẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀ kí apá tó tóbi jù nínú rẹ̀ tó lè bọ́ sí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣa ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ kọ́, èyí tí ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì ni wọ́n ń rí. Ẹ kan páànù kí àwọn ọmọ má jìyà, kí ẹ sì bèèrè ilé tuntun. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Bàbá Má-tàn-mí
Èyí tó ní òǹtẹ̀ yẹn lẹ sọ ọ̀rọ̀ sí. Mo gbà.

Akọ̀wé Tuntun
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti bi HM. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní alága SBMC ti kó lọ sí Ìbàdàn. Nítorí náà, iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ fótò ni mo fẹ́ tún bi yín. Bí Ọmọ Rẹ́mọ ṣe ń sọ ìròyìn yìí, kò sí bí ìròyìn ṣe lè dùn láìsí àwòrán. HM kò gbà. Bàbá kan ti wá bínú rí pé wọ́n gbé ojú ọmọbìnrin òun sórí Facebook. Èmi náà ò mọ ibi tó yẹ kí n fẹ̀yìn tì.

Mọ́mì Ìlíṣàn
HM yín gbọ́n. Àsìkò gbọ́mọgbọ́mọ la wà yìí, ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Bí a ṣe ń ṣe é níbi tí àwọn ọmọ mi ń lọ nìyí. Nígbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ wọlé, wọ́n á bi òbí léèrè bóyá ó gbà kí wọ́n ya ọmọ rẹ̀, òbí á fọwọ́ síwèé. Àwọn tí kò gbà, tíṣà mọ̀ wọ́n, wọn kì í dúró níwájú kámẹ́rà. Nínú gúrúùpù òbí, a lè gbé ojú ọmọ síbẹ̀. Lórí Facebook tí gbogbo ayé ń wò, ẹ̀yìn orí wọn la ń yà, tàbí ọwọ́ wọn, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí fótò ọwọ́ kéékèèké tó ń to òkìtì ẹ̀gẹ́ ṣe máa ń dùn ún wò ju ti ọmọ tí wọ́n ní kó dúró ṣánṣán lọ.

Ẹ má kọ orúkọ ọmọ pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀ sábẹ́ fótò. Ẹ má kéde sórí ibi tí ojú pọ̀ sí pé aago báyìí ni a ó tú sílẹ̀ lónìí, tàbí pé ọkọ̀ àwọn ọmọ ń bọ̀ láti ibi eré-ìje. Bí wọ́n bá ti délé tán, ẹ wá ròyìn rẹ̀ bó ṣe wù yín.

Gúrúùpù tó kún fún àdúrà àti òdòdó yẹn, ẹ dá òmíràn sílẹ̀ tó jẹ́ pé akọ̀wé àti HM nìkan ló lè kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbàdúrà. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dákẹ́ níbẹ̀, ìjà nìyẹn, ẹ ò sì ní borí.

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Gbogbo yín ti sọ ti ìròyìn, kò sẹ́ni tó bèèrè ọ̀rọ̀ òrùlé. Akọ̀wé, páànù mélòó ló ká? Ṣé igi abẹ́ rẹ̀ ṣì le? Ta ló gòkè lọ wò ó?

Mo ń bi yín torí "a fẹ́ tún òrùlé ṣe" kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìlú ò lè ran "òrùlé" lọ́wọ́. Ẹ sọ pé páànù báyìí, igi báyìí, ìṣó báyìí. Ẹni tí kò lè dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún á lè ra páànù kan, yóò sì máa fi í hàn ọmọ rẹ̀ pé òun ló ra èyí tó wà lókè fèrèsé. Àwa oníṣẹ́ ọwọ́ náà, ẹ má bèèrè owó lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ ọwọ́ ni kí ẹ bèèrè. Bíríkìlà kan ò ní kọ̀ láti fi àárọ̀ Sátidé kan sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kó mú owó wá, yóò sá.

Ẹ tún fetí sí èyí dáadáa. Lọ́pọ̀ ilé-ìwé tí mo ti gun òrùlé wọn, kì í ṣe ìjì ló ká páànù, ẹni tó kàn án ni. Páànù ní òkè, ó ní kòtò. Orí òkè ni ìṣó ń gbà wọlé. Àwọn kan á kàn án sínú kòtò torí ibẹ̀ ló fara kan igi, ó sì rọrùn. Inú kòtò yẹn kan náà lomi ń gbà kọjá, á máa yọ́ wọnú ojú ìṣó, igi á rà, ìṣó ò ní í rí nǹkan dì mú mọ́, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dé, ó di gbígbé. Ìṣó tí kò ní rọ́bà lábẹ́ orí náà, òun kan náà ni. Ibi tí àtẹ́gùn ti ń kọ́kọ́ wọlé sì ni etí òrùlé, ibẹ̀ ni kí ìṣó ti súnmọ́ra jù. Ẹ lọ wo àwọn páànù tó ti jábọ́. Bí ojú ìṣó bá wà nínú kòtò, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ tún gùn ún.

Ẹ sì tètè kó àwọn tó fò jọ kí wọ́n tó di ilé adìẹ ẹnì kan.

Akọ̀wé Tuntun
Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà, àánú Ọlọ́run ni mo rí yín. Mo lọ wò ó pẹ̀lú bàbá kan lára àwọn tó fẹ̀yìn tì yẹn, òun ló gùn ún, èmi di àkàbà mú. Mẹ́rìnlá ló ká. A rí gbogbo wọn kó jọ, ọ̀kan ti di ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ lóòótọ́. Márùn-ún nínú wọn ṣì gún régé, àwọn yòókù ti ya láti ojú ìṣó. Inú kòtò ni gbogbo ìṣó wà. Igi méjì, ikán ti jẹ ẹ́ dénú.

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Páànù mẹ́sàn-án, igi méjì, ìṣó onírọ́bà. Àpótí irinṣẹ́ mi àti ọmọ iṣẹ́ méjì, mo fi tọrẹ. Odògbolù ò jìnnà sí mi. Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò máa gbé igi fún wa nísàlẹ̀, kí ìyá alákàrà sì fún wa ní àkàrà, mo ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀.

Ọmọ Régbérégbé
Mo kí gbogbo ilé. Ó yà mí lẹ́nu pé a ti dé ìsàlẹ̀ yìí láìdárúkọ régbérégbé, àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra n'Ìjẹ̀bú. Láti ìgbà tí Ọba Sikiru Adétọ̀nà, Awújalẹ̀ tó wàjà ní oṣù Keje 2025, ti sọ ètò yìí jí, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ti aṣọ àti ẹṣin Ojúde Ọba nìkan. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ ìlú. Àìmọ bí a ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ ló ń dí yín lọ́wọ́.

Ẹ má lọ bá wọn lọ́sẹ̀ Iléyá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ìdí aṣọ ni ọkàn gbogbo wa máa ń wà, owó sì ti wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà. Ẹ jẹ́ kó kọjá dáadáa. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ìwé yín kan tó wà nínú ẹgbẹ́, òun ni kó mú lẹ́tà wọlé, torí lẹ́tà tí àlejò mú wá, orí tábìlì ló ń sùn. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ bèèrè, kó sì jẹ́ ohun tó lè parí: ìjókòó kíláàsì kan, tàbí kànga, tàbí ilé ìwé kíkà. Kí ẹ sì gbà kí orúkọ ẹgbẹ́ wà lára ògiri. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín. Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri ò ní í jẹ́ kí ògiri yẹn wó, torí ẹgbẹ́ kejì ń wò ó.

Ilé-ìwé gíráámà ni gbogbo wa ń sáré lọ ràn lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni a ti dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sílẹ̀. Pírámárì tó kọ́ wa ní A, B, D, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó jáde níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà, ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn ńlá pọ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè rí.

Ará Ṣàgámù
Ti Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn o. Lọ́dọ̀ tiwa, CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ni mo rí tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ṣe mítìnì lóṣooṣù bó ti wù kó rí, torí ọ̀rọ̀ iná àti ẹ̀ṣọ́ òru. Ẹ má pe ìpàdé tuntun, ẹ lọ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú tiwọn. Àwọn tí kò ní ọmọ nílé-ìwé yín wà níbẹ̀, àwọn gan-an lẹ ń wá.

Ẹ̀yin tó sún mọ́ Ìjagun pẹ̀lú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ tíṣà ní yunifásítì Tai Ṣólàrín máa ń lọ kọ́ni láwọn ilé-ìwé fún ìdánrawò. Bí HM bá bèèrè fún wọn dáadáa, wọ́n lè bá yín kọ ìwé ìròyìn kékeré sára ògiri lóṣooṣù. Àwọn ọmọ Pírámárì 5 àti 6 ni kó kọ ọ́, kí tíṣà ṣàtúnṣe. Òbí tó bá gbọ́ pé ọmọ òun ló kọ ìròyìn tó wà lẹ́nu géètì, yóò wá kà á. Bí kò bá mọ̀wé, yóò ní kí ọmọ kà á fún òun.

Akọ̀wé Tuntun
Mo ti kọ ìkéde o. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Ìkéde pàtàkì látọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. A fi àsìkò yìí kí gbogbo òbí, alágbàtọ́, àti gbogbo olùfẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbéyẹ̀wò, ìgbìmọ̀ fẹnu kò láti ṣe àtúnṣe tó yẹ sí òrùlé ọ̀kan lára àwọn kíláàsì wa, a sì ń rọ tọmọdé tàgbà láti ṣe àtìlẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san rere."

Ìyá Aláṣọ Ìjẹ̀bú-Òde
Akọ̀wé, ẹ má bínú sí mi. Mo kà á dé òpin, mi ò sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe. Ẹ gbà:

"Ẹ̀yin ará, ìjì ká páànù Pírámárì 3. Káfíńtà ti wà, ọ̀fẹ́ ni yóò ṣe é. Ohun tó kù ni páànù mẹ́sàn-án, igi méjì àti ìṣó. Ẹni tó bá fẹ́ ra páànù kan, kó sọ fún ìyá alákàrà lẹ́nu géètì. Sátidé, aago méje àárọ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó, kó gbé àkàbà wá. A ó ka orúkọ àti ìnáwó fún yín ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e."

Ẹ fi ohùn yín kà á. Ẹ má sáré.

Ọmọ Rẹ́mọ l'Ékòó
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ máa gbọ́ ọ. Mo gba páànù méjì níbẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ lọ ilé-ìwé yẹn rí. Ẹ fún mi ní àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti fẹ́ rà á, kí n sanwó sí wọn tààrà, kí wọ́n kọ rìsíìtì sí orúkọ ilé-ìwé. Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán yín. Ó dára kí akọ̀wé tuntun má ní owó ìlú nínú àkáǹtì ara rẹ̀, kódà fún òru ọjọ́ kan.

Akọ̀wé Tuntun
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí gúrúùpù, ìmáàmù àti àwọn pásítọ̀ ti gba tiwọn. Mo wo kàlẹ́ńdà, Sátidé yìí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ìyá alákàrà ti kọ orúkọ mẹ́rin sínú ìwé rẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn, mi ò mọ̀ ọ́n rí, ó ní ibẹ̀ lòun ti ka Pírámárì 3 tòun.

Káfíńtà Ìjẹ̀bú-Igbó
Ó dáa. Ẹ sọ fún HM kó kó tábìlì, ìwé àti àwọn àtẹ tó wà lára ògiri kúrò nínú yàrá náà lọ́jọ́ Ẹtì, torí aago méje géérégé ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìṣó àtijọ́, ìdọ̀tí á máa dà wálẹ̀. Kí ẹnì kan wá oòfà mú dání, a ó fi ṣa ìṣó nílẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wá lọ́jọ́ Ajé. Bí òjò bá ṣú, mo ní tapólì ńlá kan, mo ń gbé e bọ̀.